Dòdò Tí Màmá Kò Gbé Wá Tà

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn fàájì, fara balẹ̀ kà mí. Ìtàn ọmọ Àpòmù kan rèé, tó sọ ìyá tó bí i lọ́mọ di ìran wíwò.

Obadiah ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Fàájì ni wọ́n ń pè é ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àlejò jẹ ayé ìlú ńlá. Bí àwọn tó ti òkè òkun wálé bá wo Ilé-Ifẹ̀ tán ní ọ̀sán Jímọ̀, yóò kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ìbàdàn. Ó mọ ilé ọtí tí orin ti ń dùn. Ó mọ ibi tí ẹja yíyan ti ń ta sánsán, ó sì mọ ibi tí àwọn ọmọge ti ń jó, tí wọn kì í bèèrè bóyá èèyàn níyàwó nílé. Ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta ni kò fi yọjú sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ Àpòmù ló ń gbà kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó ní eré ìkà kan tó fi ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dé Ìbàdàn. Ìwọ náà mọ bí àwọn onídòdò Ìkirè ṣe ń tajà. Wọ́n á kọ́kọ́ na dòdò sí ọ lójú fèrèsé, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á gba owó, bí ọkọ̀ bá sì ṣí, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e. Obadiah á ní kí àwọn àlejò gba dòdò, kí wọ́n na owó síta, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tíì jù ú sílẹ̀. Á wá ṣẹ́jú sí awakọ̀ pé kó máa yọ́ lọ. Àwọn obìnrin á máa sáré, ìró á máa tú nídìí wọn, àwọn àlejò á máa fi fóònù ya fídíò. Obadiah á ní, "Ẹ máa wò wọ́n o. Fàájì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Àgbẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Màmá Adérónkẹ́. Kò ta dòdò rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan sọ fún un pé bọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ máa ń dúró ní Ìkirè ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kì í sì jẹ́ kí ẹni tí kò gbé ọjà sún mọ́ ọkọ̀, nítorí náà ó lọ yá abọ́ dòdò lọ́wọ́ Fàtíà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Fàtíà, mi ò fẹ́ tà á o. Kí n ṣáà rójú ẹ̀ ni."

Bọ́ọ̀sì dé. Màmá fi èjìká la àwọn èèyàn kọjá títí ó fi dé ojú fèrèsé. Ó rí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i. Obadiah wo bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó wo àwọn àlejò tó múra bí ọba, ojú sì tì í. Ó yíjú sí awakọ̀, ó ní, "Máa wà á lọ."

Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ó na dòdò tó wà nínú ewé sí fèrèsé, ó ń sáré, ó ń pariwo, inú bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Níbi tó ti ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ òkúta, ó ṣubú, ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gorí rẹ̀ kọjá. Obadiah rí i nínú dígí ọkọ̀. Kò ní kí wọ́n dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọtí àti ẹja yíyan ti wà níwájú wọn, àlejò kan gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin náà ketekete: "Obadiah, ọmọ mi. Obadiah, gbà, ìwọ ni mo gbé e wá fún."

Àlejò náà bèèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ Obadiah?"

Fàájì gbé ife rẹ̀ mu. Ó ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé orí màmá yẹn ò pé."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Titus pè é lóru náà. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ni Titus, ọmọ Ọlọ́run tó ń lẹ táyà létí títì ní Ìkirè. Obadiah kò gbé fóònù. Àlejò pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì di ọjọ́ kẹfà kó tó yọjú sí Ìkirè. Titus kò kí i. Ó kàn sọ fún un pé wọ́n ti sin Màmá lánàá.

Obadiah bèèrè bóyá Màmá sọ nǹkan kan kó tó kú.

Titus ní, "Wọ́n sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi wà lórí ibùsùn, ẹnikẹ́ni tó bá ti bú ẹ, Màmá á ní, 'Ẹ má bú ọmọ mi. Kò rí mi ni. Ká ní ó rí mi ni, á dúró.'"

Ìbá sàn fún Obadiah ká ní ìyá náà ṣépè fún un. Ó jókòó sáàárín àwọn táyà, ó ní, "Titus, mo rí wọn."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún Màmá ni."

"Báwo ni mo ṣe máa wá bẹ̀ wọ́n báyìí?"

Titus ní, "O ò lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n Ẹnìkan wà tó mọ̀ pé o rí wọn, tí kò sì bá ẹ wá àwáwí. Ó mọ gbogbo ẹ̀, Ó sì kú fún ẹ. Jésù ni. Lọ sọ òótọ́ fún Un."

Obadiah kúnlẹ̀ sínú eruku àti epo ọkọ̀. Kò mọ àdúrà tó dùn-ún gbọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé, "Olúwa, mo rí i, mo sì ní kí wọ́n máa wà á lọ." Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì bẹ Olúwa pé kó ṣàánú òun. Jésù gbà á lọ́jọ́ náà. Kó tó ṣú, ó gbé abọ́ Fàtíà, tó tẹ̀ nígbà tí Màmá ṣubú, tí Titus sì ti bá a gbé pamọ́, padà fún un. Fàtíà gbà á.

Oko ìyá rẹ̀ ló ń ro báyìí ní Àpòmù. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Ìkirè ni yóò wà, yóò máa sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì tòun ti ìwé pélébé lọ́wọ́. Àwọn èrò ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fídíò rẹ̀. Bóyá òun gan-an ló na ìwé yìí sí ọ lójú fèrèsé.

Ìwọ tó ń kà á, níbo lò ń lọ nírọ̀lẹ́ yìí? Má sọ pé o kò rí Jésù. O ti rí I, o sì mọ àwọn tí ò ń tijú Rẹ̀ níwájú wọn. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè ọ́ nílé ọtí kọ́ ni Ó fi ń pè ọ́. Ronú pìwà dà lónìí, kí ọkọ̀ rẹ tó kọjá Ìkirè. Ọwọ́ Rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé. Sọ fún awakọ̀ pé kó dúró.