Adélàjà Kò Fẹ́ Béèrè

Ọ̀rẹ́ mi, kí o tó ju ìwé yìí sílẹ̀, gbọ́ ohun tí ojú Adélàjà rí lórí ọ̀sà.

Ìsẹ́yìn ló ti wá. Ó yá yàrá kan ní Ìgbògbò, ó sì ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté Ipakodo, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Tàjùdéèn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n agbéraga ni. Bí ọ̀gá bá rán an níṣẹ́ tí kò yé e, "Ó ti yé mi, sà," ni yóò wí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá béèrè ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Morádéyọ̀, awakọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń sọ̀rọ̀ Jésù fún un. Adélàjà a rẹ́rìn-ín. "Láti kékeré ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi. Èwo ni n kò mọ̀ níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Tàjùdéèn ń kánjú jáde. Ó nawọ́ sí ọkọ̀ kan. "Adélàjà, bá mi wò ó dáadáa kó tó gbé èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́ o."

Kí ni kó wò? Ìbéèrè náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ẹ́ńjìnnì ló wò. Nígbà tí ó dún dáadáa, òun náà wọ ọkọ̀ bá Morádéyọ̀ àti èrò lọ.

Èbúté ti jìnnà kó tó rí i pé omi ti bo ẹsẹ̀ òun. Ó mú ike, ó ń gbọ́n omi, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbọ́n ọn ni ó ń wọlé.

"Yéè! Ọkọ̀ ń rì!" obìnrin kan ké. Èrò dìde, ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.

"Ẹ jókòó! Ẹ má dìde o!" Morádéyọ̀ ń kígbe.

Adélàjà ń gbọ́n omi, ó ń rò ó. Bí òun bá kú báyìí, ibo ni òun ń lọ? Ó ju ike sílẹ̀, ó yíjú sí awakọ̀.

"Morádéyọ̀, èmi ni mo fà á! N kò béèrè ohun tí ọ̀gá fẹ́!"

"Máa gbọ́n omi, kí o sì ké pe Jésù. Nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ṣe wá."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Òtítọ́."

Adélàjà bú sẹ́kún. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Orúkọ rẹ nìkan ni mo mọ̀. Ṣàánú mi!"

Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà rí wọn lókèèrè, wọ́n wa ọkọ̀ wọn wá kíákíá. Wọ́n kó gbogbo èrò yọ kí ọkọ̀ tó rì.

Adélàjà dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó jẹ́wọ́. "Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ti sán ni mo fẹ́ kí o wò!" ni Ọ̀gá Tàjùdéèn wí. "Kí ló dé tí o kò béèrè?" Ó lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Nítòsí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni Adélàjà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí omi bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lójijì, àyà rẹ̀ ṣì máa ń já. Ṣùgbọ́n ikú kò dẹ́rù bà á mọ́, nítorí ó ti gba Jésù gbọ́, ó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ń lọ.

Ìwọ ńkọ́? O mọ ohun tí ọ̀gá rẹ ń retí lọ́dọ̀ rẹ. Ǹjẹ́ o ti béèrè ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́? Kò fẹ́ kí o ṣègbé. Ó fẹ́ kí o ronú pìwà dà, kí o gba Ọmọ rẹ̀ tó kú nítorí rẹ gbọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o wà yìí, bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́.