Orúkọ Ìyá Aliyah Nínú Ìwé Ìjọba

"Ṣùkúrù, jọ̀ọ́, bá mi wo ohun tí Aliyah fi ránṣẹ́."

Ìyá Aliyah, tó ń ta tòmátò ní Mile 12, na fóònù sí Ṣùkúrù, alálùbọ́sà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Ọdún 2006 ni. Owó ìpè ṣì wọ́n, àtẹ̀jíṣẹ́ ni Aliyah máa ń fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé ọkọ ní Ìlọrin.

Ṣùkúrù kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé jẹ́jẹ́. Ó gbóhùn sókè bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò:

"'Mummy, oyún yẹn tún ti bàjẹ́ mọ́ mi lára. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.'"

Yéè! Gbogbo ìsọ̀ ló gbọ́. Kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà, àwọn aláta tí kò mọ Aliyah rí ti ń bá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn. Ó dùn ún wọra. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni àṣírí ọmọ rẹ̀ ti tú.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Ìkòsì. Ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba ló ń san owó tíṣà, òun náà ló ń ra ìwé. Ní aago mẹ́rin, tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti lọ, àwọn ìyá ọlọ́jà á wá fún ìdí ńlá mọ́ bẹ́ńṣì kékeré, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n lé ní ogún.

Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó. Bí Aunty Oyèṣọlá, tíṣà wọn, bá ti gbé rẹ́jísítà jáde, kálukú á máa wo ògiri.

"Ẹ má kọ tèmi o!" ni Ìyá Rahmon máa ń wí. "Ẹni tó bá forúkọ sínú ìwé ìjọba, wọ́n á wá gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìsọ̀."

Ọ̀pọ̀ wọn gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá Aliyah náà gbà. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà kúkú ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Gbénró dé láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó wo kíláàsì, ó tún wo rẹ́jísítà.

"Aunty, orúkọ mẹ́ta ló wà níbí. Ta wá ni gbogbo àwọn ìyá yìí?"

"Wọn ò fẹ́ forúkọ sílẹ̀, sà."

"Ha! A ti kọ kíláàsì yìí mọ́ àwọn tí a fẹ́ tì lópin oṣù. A rò pé kò séèyàn níbẹ̀ ni."

Ìyá Aliyah ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá tì í, ta ni yóò tún máa gbé fóònù fún?

"Owó orí là ń sá fún," ni Ìyá Rahmon sọ lábẹ́ ahọ́n.

Gbénró jókòó tì wọ́n. "Ẹ̀yin ìyá mi, abèèrè kì í ṣìnà, kí ló dé tẹ́ ò bèèrè? Agbowó-orí ò mọ ìwé yìí rí, iléèwé ló ń gbé. Iye orúkọ tó wà nínú rẹ̀ la fi ń bèèrè owó lọ́wọ́ ìjọba. Bí ẹ bá fara pa mọ́, wọ́n á ní ẹ ò sí, wọ́n á gbé owó náà lọ síbòmíràn. Owó yín ni o."

Ìyá Aliyah dìde.

"Aunty, ẹ fún mi ní bírò."

"Ṣé kí n bá yín kọ ọ́ ni, Mummy?"

"Rárá o. Èmi ni n ó kọ ọ́."

Ó tẹ bírò náà débi pé bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. *Ruqoyah*. Ó pẹ́ kó tó parí ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ gba owó orí kó wá," ló wí. "Ohun tí ọmọ mi bá bá mi sọ, èmi nìkan ni n ó máa gbọ́ ọ."

"Ẹ sún, ẹ jẹ́ n kọ tèmi," ni Ìyá Rahmon wí. Kí wọ́n tó ṣíwọ́, orúkọ ti di mẹ́tàlélógún. Wọn ò ti kíláàsì mọ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, fóònù dún nísọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ Aliyah ló wọlé. Ṣùkúrù nawọ́ láti gbà á. Ìyá Aliyah kẹ̀yìn sí i, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ṣùkúrù bi í.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà bá wà ládùúgbò yín, ẹ má tijú, ẹ lọ, kí ẹ sì forúkọ yín sílẹ̀, kí ìjọba lè mọ̀ pé ẹ wà. Bí kò bá sí, ẹ kóra jọ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín, ẹ bèèrè ibi tí owó ẹ̀kọ́ àgbà wà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹnu ẹlòmíràn kọ́ ló yẹ kí òbí ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.