Omi Dúdú Lẹ́nu Rahmah

Ọ̀sán Sátidé kan ni Hamid kú. Ó jẹ ìrẹsì tán, ó ní oorun ń kun òun, ó sùn sórí àga gígùn, kò sì jí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn dókítà yẹ ara rẹ̀ wò títí, wọn ò rí ohun tó pa á.

Àlàájà, ìyá bàbá rẹ̀, ní àwọn rí i.

"Ta ló bu ìrẹsì fún un?"

Àìṣát ni. Ẹ̀gbọ́n Àsúmáù, ìyá ọmọ náà, ni Àìṣát. Ó ti lé lógójì ọdún, kò bí, yàrá kékeré ló ń gbé nínú fúláàtì wọn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nírọ̀lẹ́, àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé bí odídẹrẹ́ máa ń bà sójú fèrèsé rẹ̀, wọ́n á máa han gooro, òun á sì máa fún wọn lẹ́pà.

"Ẹyẹ wo ló ń mọ ilé èèyàn nílùú òyìnbó?" ni Àlàájà wí. Láti ọjọ́ náà ni Làtíìfù, ọmọ Àlàájà tó jẹ́ bàbá Hamid, kò ti jẹ oúnjẹ Àìṣát mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí ihò nínú ọkàn Rahmah, àbúrò Hamid. Àwọn dókítà ní àwọn á fi oògùn mú un sùn, àwọn á gba inú iṣan itan rẹ̀ lọ dí ihò náà. Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, Rahmah bì. Omi dúdú ni. Wọ́n dá wọn padà sílé. Nígbà kejì, omi dúdú kan náà. Dókítà ní bí ó bá bì lójú oorun, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó pa á. Bí wọn ò bá sì tètè dí ihò náà, ọkàn rẹ̀ ò ní lè gbé e mọ́.

"Kí lo fi sínú ọmọ mi?" Làtíìfù ké mọ́ Àìṣát.

"Ẹyẹ ni mò ń fún lẹ́pà, èmi ò fún ọmọ yín ní nǹkan kan."

"Ẹni tí kò bí, kí ló mọ̀?"

"Ẹ̀yìn mi ni Hamid gbé dàgbà, Bàbá Rahmah. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo mọ̀."

Làtíìfù lé e jáde, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Sydenham.

Nígbà kẹta tí wọ́n padà sí ọsibítù, ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí Àìṣát kúrò nílé. Síbẹ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì Ọláwùnmí ní kí Rahmah la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ dúdú.

"Ó ti fò dé ibí!" Àlàájà figbe ta. Nọ́ọ̀sì kọjú sí Àsúmáù.

"Mummy, ẹ rọra. Ṣé kò mu nǹkan kan?"

"Rárá!"

Nọ́ọ̀sì wò wọ́n. "Ìjọ aláṣọ funfun ni wá nílé tiwa. Ìyá mi kì í jẹ́ ká jáde láìfún wa ní omi ìyè. Wọn kì í kà á sí omi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Rahmah na ìka sí báàgì Àlàájà.

"Grandma's sweet one," ló wí.

Ìgò hántú ni, tàdáà dúdú tí wọ́n fi kọ Kùránì sára wàláà, tí wọ́n wá fi omi fọ̀ fún mímu. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni Àlàájà ti ń fún un.

"Àdúrà nìyẹn!" ni Àlàájà wí, omi ń bọ́ lójú wọn. "Oorun ló pa Hamid. Ẹ fẹ́ kí n jẹ́ kí wọ́n tún fún èyí lóorun lásán?"

Nọ́ọ̀sì lọ bá dókítà, ó padà dé. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọ̀sán.

Àsúmáù ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Àìṣát wọlé, Àlàájà na ìgò náà sí i.

"Gbà á. Bí ó bá wà lọ́wọ́ mi, màá tún fún un."

Àìṣát gbà á. "Màá tọ́jú ẹ̀, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bẹ̀ mí nípa Hamid."

Wọ́n ti Rahmah wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Làtíìfù gbé báàgì kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún Àìṣát. Kò jókòó. Wákàtí méjì ó lé ló fi dúró.

Nọ́ọ̀sì yọ jáde. "Ó ti jí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

Gbogbo wọn wo ọwọ́ Àìṣát. Kò tíì ṣí ìgò náà.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ṣé ó ti lè mu?"