Ètè Tí Kò Sinmi

Ilé iṣẹ́ tí ariwo rẹ̀ máa ń mú ilẹ̀ gbọ̀n dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ogun ń lọ lọ́wọ́. Aṣọ páráṣúùtì tí àwọn sọ́jà fi ń bọ́ sílẹ̀ láti òfurufú ni wọ́n ń hun níbẹ̀, máṣìn kì í sì í sinmi àfi bí èèyàn bá kú. Èèyàn ló kú lóòótọ́.

Ọ̀gá àwọn ahunṣọ ni, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Máṣìn. Wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́yìn máṣìn gíga tó wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, àjákù aṣọ ṣẹ́dà wé mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn obìnrin kún inú gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́ nígbà tí wọ́n ń fún un lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ igbe.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í kánjú. Àwọn ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó lè wo ògiri títí ògiri yóò fi jẹ́wọ́. Ó wo gbọ̀ngàn náà yí ká. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun gíláàsì fèrèsé láti ìta, kí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá má baà rí iná, nítorí náà gílóòbù ni wọ́n ń tàn lójú ọ̀sán. Nínú gíláàsì dúdú yẹn, ẹni tó bá ń kọjá ní ẹnì kejì tó ń bá a rìn.

"Iṣẹ́ ti tán, mà," ni ọ̀gá sọ́jà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí. "Ọmọ rẹ̀ ló pa á. Ara máṣìn ọmọ yẹn ni wọ́n ti ya aṣọ tó wà lọ́rùn òkú. Tó bá di ọ̀sán, mo ń mú un lọ. Ẹ mọ ohun tí òfin ogun sọ."

"Ìbọn," ni Inspẹ́kítọ̀ dáhùn. "Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ò sì tíì pọ́n."

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láyé rẹ̀ nìyí, kò sì tíì pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Kí ló fa ìjà láàárín ìwọ àti ìyá rẹ?"

"Aṣọ mi ló ń já ṣáá, mà. Màámi bá mi wí lójú gbogbo èèyàn pé ọwọ́ mi le jù. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ yẹ máṣìn mi wò, ojú wọn yí padà. Wọ́n ya díẹ̀ lára aṣọ náà dání, wọ́n wá fọwọ́ júwe fún mi pé kí n lọ dúró de àwọn lẹ́yìn ilé ká jọ jẹun. Mo dúró títí. Wọn ò wá."

"Ọwọ́ ni wọ́n fi júwe fún ọ?"

"Ètè lásán ni àwọn tó ti pẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ariwo, mà. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n gbọ́."

Inspẹ́kítọ̀ yí padà. Ó lọ sídìí máṣìn ọmọ náà, ó fa òwú kan, ó já lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fa òmíràn, bákan náà.

Nígbà tó ń padà bọ̀, máníjà ilé iṣẹ́ náà fà á lápá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ìyá yẹn."

Obìnrin arúgbó kan ló jókòó ti máṣìn tó kọjú sí fèrèsé. Ariwo ti di í létí láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, àmọ́ ètè rẹ̀ ń mì láìsinmi, kò sì sí ohùn kankan tó ń jáde. Ó mì, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Bó ṣe wà látàárọ̀ nìyẹn," ni máníjà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn obìnrin ní òkú ló wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yìn ló kọ síbi tí wọ́n ti pa Ìyá Máṣìn, kò lè rí nǹkan kan. Ta ló máa tún ọ̀rọ̀ òkú sọ?"

Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ètè náà. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Ẹ̀rù bà á gidi, ká má purọ́. Ó gbójú sókè wo ibi tí ìyá náà ń wò, ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ òwú wá.

Afínjú ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, orúkọ sì ro ó. Bàtà rẹ̀ ń dán. Síkáàfù ṣẹ́dà funfun kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń fà á bo ẹnu ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, eruku òwú ló ń dà mí láàmú."

"O ò fà á bò ó nígbà tó o dákẹ́," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ṣé o mọ èdè ètè wọn yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ìdí òwú lèmi wà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló dùn mí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wá, jẹ́ ká dúró láàárín gbọ̀ngàn."

Ó ní kí gbogbo ahunṣọ padà sídìí iṣẹ́, kí wọ́n tan máṣìn. Ariwo sọ bùú, ilẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀gá sọ́jà fọwọ́ di etí. Inspẹ́kítọ̀ rìn jìnnà díẹ̀, ó kọjú sí Afínjú lókèèrè, ó la ẹnu, kò sì fi ohùn sí i rárá.

Gbogbo obìnrin inú gbọ̀ngàn yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Afínjú já síkáàfù kúrò lẹ́nu bí ẹni tí iná jó, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n pa máṣìn. Ọ̀gá sọ́jà ń wò suu. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní, 'Aṣọ tó o fi pa á ló wà lẹ́nu rẹ yẹn.'"

Afínjú fẹ́ sá, àwọn ọlọ́pàá ti di í mú.

"Nígbà ogun tó ṣáájú èyí, irú ilé iṣẹ́ báyìí ni mo ti kọ́kọ́ jẹun òógùn ojú mi," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ohun méjì ni wọ́n kọ́ mi níbẹ̀. Èkíní, òwú ṣẹ́dà gidi á gé èèyàn níka kó tó já. Èyí tó wà nídìí máṣìn ọmọ yìí ò lè so ẹsẹ̀ adìẹ, ká má tíì sọ pé kó fún àgbàlagbà lọ́rùn pa. Ẹnì kan ti kó ojúlówó, ó fi jíjẹrà rọ́pò rẹ̀. Ìyá Máṣìn rí i, ó mú aṣọ náà lọ bá a. Olè náà fi síkáàfù ṣẹ́dà gidi yìí pa á, ó wá fi àjákù aṣọ ọmọ rẹ̀ bo ojú ọgbẹ́."

"Ìkejì ńkọ́?" ni ọ̀gá sọ́jà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ètè kì í bo ẹnu fún ahunṣọ."

Ó na ọwọ́ sí fèrèsé dúdú. "Òkú ò wọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Dígí ni ọ̀dà yẹn sọ gíláàsì dà. Ìyá yìí rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ bó ṣe ń kú ló ń sọ látàárọ̀. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lẹ gbọ́ ọ, ẹ pè é ní ọ̀rọ̀ òkú, ẹ sì fẹ́ jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún ọmọ Ìyá Máṣìn."

Àwọn obìnrin náà dorí kodò. Ìtìjú mú wọn. Ètè ìyá arúgbó náà ṣì ń mì.

Inspẹ́kítọ̀ mú ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó fi í jókòó síwájú ìyá arúgbó náà. "Má wo ojú wọn. Ètè ni kó o wò, kó o jẹ́ kí tìrẹ máa tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ọmọ náà wò ó. Ètè tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹnu méjì ń mì pọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn náà, títí ohùn fi jáde lẹ́nu ọmọ náà, kò mọ̀gbà tó jáde.

"Afínjú, tú mi sílẹ̀. Ọmọ mi ń dúró dè mí."

Ó bú sẹ́kún. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó tún kọjú sí ìyá àgbà, ó fi ètè nìkan sọ ọ́: "Mo dúró, màámi. Mo dúró dè yín."

Ìyá àgbà mi orí pé òun gbọ́. Ó sì pa ẹnu dé.