Òògùn Ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀

Télọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Abẹ́rẹ́-kì-í-ṣìnà. Orúkọ náà sì ń pa á bí ọtí.

Kò sí ohun tí ènìyàn lè bá a sọ tí kò ní fèsì pé, "Mo ti mọ̀." Ìyàwó rẹ̀ yóò la ẹnu, yóò pa á dé. Nígbà tí oníwàásù yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ̀ṣẹ̀, ìrònúpìwàdà, ọ̀run: mo ti mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò ká. Oríkèé ìka rẹ̀ wú, wọ́n sì le gan-gan. Títí oòrùn fi mú, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é, tí ẹ̀rù ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ òpó.

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á dé ilé ìwòsàn. Dókítà ṣàlàyé pé èyí kì í ṣe làkúrègbé ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n kọjú ìjà sí oríkèé ara tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n fún un ní òògùn, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́ni.

"Bàbá, ẹ fetí sílẹ̀ o. Èyí kò dà bí òògùn yòókù. Ọjọ́ kan…"

"Mo ti mọ̀, ọmọ mi. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gbé òògùn mì."

Ó gba ike òògùn, ó jáde. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì fẹ́ wí. Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí ń gbé e mì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, egbò sọ sí i lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun ní erìgì rẹ̀. Ó rò pé bí òògùn ṣe ń bá àrùn wọ̀jà nìyẹn. Ó gbé òmíràn mì.

Ìyá Alágbàfọ̀, tí ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wá gba ṣòkòtò kan. Ó ti tó ọdún méjìlá tí àrùn kan náà ti ń bá òun pàápàá gbé.

"Télọ̀, ṣé abẹ́rẹ́ lo há sẹ́nu ni, tó o fi ń sọ̀rọ̀ báyìí?" Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ike òògùn. "Báwo lo ṣe ń lò ó?"

"Àràárọ̀ ni, ìyá."

Obìnrin náà di tábìlì mú. "Yéè! Òògùn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀! Àbí wọn ò sọ fún ẹ ni?"

"Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Wọ́n gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ikú ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. "Kí ni ọwọ́ yìí tún wà fún? Ó sàn kí n kú."

"Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí," ni Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn. "Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá àìsàn yìí rìn. Má tijú, sọ ọ́ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ká ní o ti kú lánàá, ibo lò bá wà lónìí?"

"Mi ò mọ̀, ìyá." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ kọ́ mi."

Obìnrin náà sọ fún un nípa Jésù, ẹni tí ó kú fún agbéraga àti fún ọ̀lẹ, fún olè àti fún olóòótọ́ lójú ayé. Lórí ibùsùn náà ni télọ̀ ti ké pé, "Olúwa, agbéraga ni mí. Gbà mí!" Olúwa sì gbà á.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí òògùn tó pọ̀jù náà fi kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn oríkèé náà ṣì wà títí di òní. Ó ń lo òògùn rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé nìkan, ó ń na ìka bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn àárọ̀ líle ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ báyìí, kò sì pariwo. Ìgbà mélòó ni o ti lé ẹni tí ó fẹ́ kì ọ́ nílọ̀? Ọkùnrin yìí rí àyè díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú bá a. Ta ló ṣèlérí àyè bẹ́ẹ̀ fún ọ? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Bí orúnkún rẹ kò bá ká, jókòó bẹ́ẹ̀, kí o sì ké pe Jésù kí o tó fi ìwé yìí sílẹ̀.