Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Wẹ́dà

Ìwọ tí o fẹ́ ka èyí, bó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà nínú yàrá, kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà ni.

Alùpùpù tí Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, iná bátìrì ló ń lò, kì í pariwo. Ó kàn yọ lọ́sàn-án gangan bí òjìji, sí iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń wé wáyà sínú ẹ́ńjìnnì iná. Obìnrin náà gbójú sókè, wáyà bàbà wà láàárín eyín rẹ̀. Ó rí ọkùnrin tó ti ń hu ewú, èéfín ti kun ojú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì funfun.

"Ẹ bá mi wò ó. Èmi nìkan ni mò ń gùn ún, ṣùgbọ́n ó ń mu iná bíi pé àwa méjì ni. Mo ti fi jíà tó tóbi sẹ́yìn, kó lè gun òkè pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Eré rẹ̀ dín kù o, iná tó ń mu ò dín."

Obìnrin náà tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín. Ẹrù ló wúwo."

"Ẹrù wo? Àbí ikùn mi lẹ ń bú?"

"Ikùn yín ò tíì tó èèyàn kan, ẹ má ṣèyọnu."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ò sọ pé ìyàwó òun tó kú ló máa ń jókòó lẹ́yìn òun, àti pé láti ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni abẹ́rẹ́ tó ń ka iná ti ń gòkè báyìí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì alùpùpù náà fúnra rẹ̀, kó lè rí nǹkan gbé wá fún obìnrin náà tún ṣe. Nígbà tó yá, kò gbé nǹkan kan wá mọ́, ara rẹ̀ nìkan ló ń gbé wá.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, ìyá obìnrin náà, tó ń gbé lórí òkè, yarí. "N kò fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń gbé sẹ́yìn yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ máa jẹ́!"

Wẹ́dà ò sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kú fún ìyá náà rí, ọmọ ìyá náà nìkan ló sọ ọ́ fún.

"Ìfẹ́ mi, jẹ́ ká pa á tì," ni Wẹ́dà wí nísàlẹ̀ òkè ilé ìyá náà. "Bí ẹrù bá di mẹ́ta lórí òkè yìí, wáyà á jó."

"Èmi ni mo wé wáyà yẹn. Ẹ dákẹ́." Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó tẹ́tí. Ó mi orí pé òun gbà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́yìn Wẹ́dà.

Wọ́n ń gòkè. Abẹ́rẹ́ náà dé ojú èèyàn méjì, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìyá náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wo ẹ̀yìn wọn títí, ó wá yà kúrò lọ́nà. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin méjèèjì."

Omi bọ́ lójú Wẹ́dà. "Kí lo sọ fún un? Kí lo ṣèlérí?"

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń wo ojú ọ̀nà tó ṣófo.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyáálé mi ni. Ẹ má bi mí mọ́."