Mùdùnmúdùn Eegun Mojísọ́lá

"Mojísọ́lá, ta ló sọ fún ọ pé ara ìwọ àti àbúrò rẹ kò bára mu?"

Ìyá rẹ̀ ló béèrè, ní pálọ̀ wọn ní Fìdítì, fóònù Mojísọ́lá lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọsibítù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti béèrè ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ mu kò fi tíì wá, Màmá sì gbé e nítorí ọmọ rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

Mojísọ́lá wọlé, ó gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni irọ́ yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ̀bùnolúwa, àbúrò rẹ̀, ni àìsàn kọlù: mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀ kò ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Dókítà ní àfi kí àwọn fa sẹ́ẹ̀lì ààyè nínú eegun ọmọ ìyá rẹ̀ tí ara wọn bá mu, kí àwọn fà á sí i níṣan, kó lè hù nínú rẹ̀ bí irúgbìn. Wọ́n yẹ Mojísọ́lá wò. Ó mu gẹ́gẹ́. Ó délé, ó ní kò mu.

Nítorí kí ni? Nítorí Adéwálé, tó kọ́kọ́ ń fẹ́ ẹ kó tó fi í sílẹ̀ fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó dunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlara ra obìnrin yìí níyè débi pé ó rò pé bí àbúrò òun bá kú, ọkùnrin náà á padà. Ìkà gbáà ni! Lọ́jọ́ tó gbé ọsàn lọ kí aláìsàn, ìyẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má banú jẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi yín." Ṣe ni Mojísọ́lá já ọwọ́ gbà, ó sá jáde. Síbẹ̀, kò jẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ foríjì mí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo purọ́."

"Ọmú kan náà lẹ mu," ni ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọ̀bẹ tí o pọ́n de àbúrò rẹ, ara mi ló bà."

Adéwálé, tó wá gba oúnjẹ aláìsàn, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Lójú tèmi, o ti kú," ló sọ.

Wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì náà lára Mojísọ́lá. Ó ń kán díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò pupa kékeré wọ ara Ẹ̀bùnolúwa. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti Mojísọ́lá, tó ń ránṣọ jẹun, ìlú ti gbọ́ ohun tó ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ fún un rán mọ́. Ó kó kúrò nílùú lọ sí Ìmíní.

Lọ́jọ́ tó wá tọrọ àforíjì, Ẹ̀bùnolúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dárí jì yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń gbé mi rìn. Ṣùgbọ́n ẹ má wọlé."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.